Ṣé ká mọ fẹ́ńsì yí pápá ẹ̀sítéètì wa ká, àbí ká tà á?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Èmi ni sẹ́kítírì ẹgbẹ́ lándìlọ́ọ̀dù ní ẹ̀sítéètì kan lápá Tánkẹ níbí n'Ílọrin. Ilẹ̀ gbalasa kan wà láàárín wa, ó tó púlọ́ọ̀tì 6, ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí i látọjọ́ tí wọ́n ti gé ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n ń fọ́ fèrèsé, àwọn kan ń gbin nǹkan, ẹni tó bá ní wòlímọ̀ tàbí ìgbéyàwó á ta kánópì síbẹ̀ mọ́jú, àwọn kan sì ń da pàǹtí síbẹ̀ lóru. Alága wa ní ká mọ fẹ́ńsì yí i ká ká ti gétì, àwọn kan ní ká gé e ká tà á ká fi owó ẹ̀ ṣe títì. Àwọn tó ń lò ó gan-an, ó jọ pé wọn kì í ṣe ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, sẹ́kítírì, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, èébú nìkan ni owó oṣù ẹ̀. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo rí ni pé ẹ ti di ẹ̀sùn mẹ́rin pọ̀ mọ́ ara wọn bíi pé ẹ̀sùn kan ni: bọ́ọ̀lù, oko, kánópì, pàǹtí. Wọn ò jọra wọn rárá. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ yẹn ló ń lò. Ẹni tó ń da pàǹtí síbẹ̀ láago méjì òru, àìsí èèyàn níbẹ̀ ló ń lò. Tí ẹ bá wá fi fẹ́ńsì kan ṣoṣo dá sẹ̀ríà fún àwọn méjèèjì, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ máa lé lọ, onípàǹtí á kàn máa ju ọ̀rá ẹ̀ gba orí fẹ́ńsì kọjá ni, koríko inú ibẹ̀ á sì ga débi pé ẹ ò ní rí pàǹtí náà mọ́ àfi kí ẹ máa gbóòórùn ẹ̀. Mo ti rí i rí, màá débẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ta ló ni ín ná, torí ibẹ̀ ni ìpàdé àwọn lándìlọ́ọ̀dù ti sábà máa ń dìjà. Àwọn kan á ní ilẹ̀ ìjọba ni, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ni ín, àwọn kan á ní àwa la ra ẹ̀sítéètì, àwa la ni ín. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gé ilẹ̀ tí wọ́n gbé layout ẹ̀, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín in, lọ fún ìjọba láti fọwọ́ sí, kì í ṣe púlọ́ọ̀tì nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí, títì wà níbẹ̀, gọ́tà wà níbẹ̀, ilẹ̀ gbalasa náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe sí i lára. Òfin ọdún 1978, Land Use Act tí gbogbo wa máa ń gbọ́ orúkọ ẹ̀, gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà pé kó máa mójú tó o fún ará ìlú. Òfin ètò ìlú tọdún 1992 wá sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ yí iṣẹ́ tí ilẹ̀ kan ń ṣe padà, àfi kó gbàwé àṣẹ. Torí náà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo pápá yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní in bí ẹ ṣe ni púlọ́ọ̀tì tí ilé yín wà. Ṣé ẹ lè ta títì iwájú ilé yín? Bákan náà ni. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín, ìwé ìsanwó ló rà, ọjọ́ tí ọ̀kan nínú yín bá bínú gba kóòtù lọ, ìtìjú á dé bá gbogbo yín.

Ṣùgbọ́n o, gbogbo èyí dúró lórí pé layout wà lóòótọ́ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sítéètì lóde òní, ọmọ onílẹ̀ àti sọfiyọ̀ kan ló jọ gé e lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sí ìwé kankan níbì kankan, pápá tí ẹ̀ ń wò yẹn sì lè jẹ́ ilẹ̀ tí ẹbí ò tíì rí ẹni tó máa rà á ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí yẹn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa nílò lọ́yà, èmi kì í ṣe lọ́yà. Ẹ mú survey plan ilé kan tó bá pápá yẹn pààlà, ẹ gbé e lọ sí KW-GIS, iléeṣẹ́ ìjọba Kwara tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ rí layout tó wà lórí ẹ̀. Ẹ ṣe ìyẹn kí ẹ tó ṣe ìpàdé kankan mọ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń jà lórí pápá fún ọdún gbọọrọ tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì fojú kan ìwé.

Iṣẹ́ layout yìí ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, bí a ṣe ń wá ilẹ̀ gbalasa rọrùn gan-an: a máa gé gbogbo púlọ́ọ̀tì tó dáa tán ná, igun tó bá ṣẹ́ kù tí ò gún, tàbí kòtò tí omi máa ń dúró sí, la máa fi kálà ewé kùn, a kọ "open space" sí i, ó parí, ó di ilé. Ọ̀kan wà tí mo yà fúnra mi, tí mo tún fi ń yangàn pé mo fún àwọn ọmọdé níbi ìṣeré. Lọ́dún bíi mélòó kan sí i mo gba ibẹ̀ kọjá, ilé mẹ́ta ti wà lórí ẹ̀, èyí tó kù ti di ibi tí wọ́n ń tẹ bílọ́ọ̀kù. Inú bí mi, mo ń wá ẹni tí màá bá wí. Ìgbà tí mo dúró síbẹ̀ tí mo wò yíká ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni. Gbogbo ilé tó yí ibẹ̀ ká ló kẹ̀yìn sí i, bí mo ṣe to púlọ́ọ̀tì ló fà á, kálukú ti mọ fẹ́ńsì gíga, wọ́n to àfọ́kù ìgò sórí ẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo tó ń wo ibẹ̀, ti ilé ìwẹ̀ ni. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbà á, ó kó iyanrìn dà síbẹ̀ ná, ó dúró bóyá ẹnì kan á sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ẹ wá fi ìyẹn wé agbo ilé níbi tí wọ́n bí púpọ̀ nínú wa sí, bóyá Òkèlele ni o, bóyá Pàkátà. Ojúde kan náà, bó bá di àárọ̀, ilé kéú ni, àwọn ọmọ á gbé wàláà sórí ẹsẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tán, àwọn ahunṣọ á na òwú wọn gbọọrọ látẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, òkúta á wà nídìí ẹ̀ tó ń fà á kó má baà rọ̀, ọmọdé ọdún mẹ́ta gan-an mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sáré gba àárín òwú kọjá. Lẹ́yìn alásárì, eré ọmọdé. Alẹ́, àwọn bàbá á tẹ́ ẹní. Ìnáwó dé, òwú á ká kúrò nílẹ̀. Ní àdúgbò Dàda ẹ̀wẹ̀, gbangba ìta ni àwọn ìyá ti ń sun ìkòkò. Iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún lórí ilẹ̀ kan lóòjọ́, kò sí fẹ́ńsì, kò sí gétì. Ìlú tí wọ́n ní ẹṣin leégún ilé baba wọn, ta ló máa kọ́ wa ní bí a ṣe ń lo gbangba? Ẹ kàn lọ wo iwájú ààfin lọ́jọ́ tí ẹṣin bá ń sáré. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé gbogbo ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí ojúde, àwọn ìyàwó ilé ló ń gbá a láràárọ̀, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé tí ìjà bá dé, ọ̀dọ̀ Magájí, olórí agbo ilé, ni wọ́n ń lọ. Pápá yín ní ilẹ̀, kò ní Magájí, kò sì lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò sọ pé kí ẹ padà sí agbo ilé o, ẹni tó kúrò níbẹ̀ nídìí tó fi kúrò, èmi náà kúrò.

Ẹ ní àwọn tó ń lò ó kì í ṣe ará ibí. Ṣé ẹ ti bi wọ́n? Torí gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ gbólóhùn yìí, tí a bá lọ wò ó, ọmọ tẹ́náǹtì ni wọ́n, ọmọ gáàdì, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin tí wọ́n fún ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ń sùn nínú ẹ̀sítéètì, orúkọ wọn ni ò sí nínú ìwé àwọn lándìlọ́ọ̀dù. Ọmọ lándìlọ́ọ̀dù gan-an wà nílé tó ń tẹ fóònù, torí ìyẹn lojú yín kì í fi í rí ọmọ ibí níbẹ̀. Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ gbé àga lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ Àìkú kan, aago méje àárọ̀, aago mọ́kànlá, aago méjì, aago márùn-ún, àti lẹ́yìn ìṣáì, kí ẹ kọ ẹni tí ẹ bá rí àti ohun tó ń ṣe sílẹ̀. William Whyte, ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sáwọn gbangba ìlú New York láwọn ọdún 1970, ohun tó rí lẹ́yìn wàhálà ńlá yẹn ni pé ibi tí ìjókòó bá wà làwọn èèyàn ń jókòó sí, ibi tí èèyàn bá sì wà làwọn èèyàn ń lọ. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mélòó nínú pápá wa ló ní bẹ́ǹṣì kan? Níbí tiwa, kì í tiẹ̀ ṣe bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, ibòòji ni. Oòrùn oṣù kẹta n'Ílọrin, ẹ̀dá wo ló máa jókòó sí gbangba láago méjì, àfi ewúrẹ́. Mo lè fi owó bá yín ta á pé tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa rí i pé abẹ́ igi kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn pọ̀ sí lọ́sàn-án, níbi tí ìyá oníwàrà tàbí oníkárọ́ọ̀tì kan ti gbé igbá kalẹ̀, gbogbo ìyókù pápá á sì gbófo títí di ìrọ̀lẹ́.

Ó yá, fẹ́ńsì. Púlọ́ọ̀tì 6, ká ní ó jẹ́ 150 fíìtì sí 200, yíká ẹ̀ jẹ́ 700 fíìtì. Fẹ́ńsì fíìtì mẹ́jọ, bílọ́ọ̀kù onínáìnì-íǹṣì máa tó nǹkan bí 5,000, mi ò tíì ka ìpìlẹ̀, mi ò tíì ka òpó, mi ò tíì ka gétì. Ẹ̀yin mọ bílọ́ọ̀kù kan ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́sẹ̀ yìí ju èmi lọ. Lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́. Ta ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀? Ibi tí mo ní mo ti rí i yẹn, ọwọ́ alága ló wà, alága sì ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo èèyàn ń kí alága. Ọdún kejì, ejò wọ ilé méjì láti inú koríko ibẹ̀. Ọdún kẹrin ẹnì kan sọ ní ìpàdé pé ṣebí kò kúkú sẹ́ni tó ń lò ó, kí ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn yẹn. Ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń lò, ariwo á sọ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ilẹ̀ tí ẹ tì pa ò ní ẹlẹ́rìí. Tí ọkàn alága ò bá lè balẹ̀ láìsí nǹkan níbẹ̀, kí ẹ sin òpó kúkúrú yíká kí mọ́tò má lè wọlé, tàbí kí ẹ gbin òdòdó tí ò ga kọjá orúnkún, kí ẹni tó wà lójú títì ṣì lè rí ẹni tó wà nínú.

Títà ńkọ́? Yàtọ̀ sí òfin tí mo ti sọ, ẹ wo ibi tí omi ń gbà tí òjò bá rọ̀ gidi nínú oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án. Mo ti sọ fún yín bí a ṣe ń ya ilẹ̀ gbalasa, ibi tó rẹlẹ̀ la máa ń fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé pápá yẹn ni omi òrùlé gbogbo yín ń lọ, tí kọnkéré sì ti bo gbogbo àgbàlá yín bó ṣe wà káàkiri báyìí, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́lé sórí ẹ̀ lomi á máa wá ilé ẹlòmíì wọ̀. Ẹ ò lè rí èyí nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ òjò.

Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ má bínú, èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ lọ wo póòlù tí wọ́n fi ń gbá a. Tó bá jẹ́ ọparun gíga tí wọ́n fi igi dábùú lókè ni, òun ló ń fọ́ fèrèsé, kì í ṣe ọmọ. Póòlù gíga ń pe bọ́ọ̀lù sókè. Pápá tó péye jẹ́ mítà 105 sí 68, púlọ́ọ̀tì bíi 15 nìyẹn, ẹ ò ní in, ohun tí tiyín lè gbà ni mọ́ńkì póòsì, òkúta méjì síbí òkúta méjì sọ́hùn-ún, kò ga kọjá orúnkún, kò sì sí ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè torí kò lè wọlé. Kí ẹ sì yí i kó má kọjú sí ilé tó sún mọ́ ọn jù. A ṣe é níbì kan tí ìyá kan ti fẹ́ lọ fi ọlọ́pàá mú àwọn ọmọ, fèrèsé ìyá yẹn wà bẹ́ẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí. Àwọn ọmọ náà ló gbé òkúta o, torí àwọn la pè sí ìpàdé. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sá lójoojúmọ́.

Oko náà, mi ò kórìíra ẹ̀, ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ sí etí pápá ń bá yín roko lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àgbàdo má sí láàárín, torí ó ń ga, kò ní jẹ́ kí ẹ rí ọ̀dọ̀ ara yín, ẹni burúkú sì lè sá pa mọ́ sí i. Gbáguúdá, rárá, ó ń pẹ́ nílẹ̀ jù. Ẹni tó bá sì lọ gbin kaṣú tàbí òroǹbó fúnra ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ yáa dá a lẹ́kun kíá. Nílẹ̀ tiwa ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ dáko kì í gbin igi tó ń wà títí, torí igi ni ẹlẹ́rìí onílẹ̀. Igi ibòòji tí gbogbo yín bá jọ gbìn nìyàtọ̀, dóńgóyárò tàbí máńgòrò, kí wọ́n jìnnà síra, kí ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ẹ má retí ibòòji kankan kó tó di ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ẹ sì máa bomi rin wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti máa ń jákulẹ̀.

Kánópì, ẹ gba owó díẹ̀, kí gbohùngbohùn dákẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹni tó ṣayẹyẹ gbá ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan tún lè ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn kọ́ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mo ń sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀: ẹ wá ibòmíì fún un. Kì í ṣe torí ìsìn, torí pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí wọ́n kúrò mọ́ láyé ni.

Ta ló wá máa jẹ́ Magájí? Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ètò ọrọ̀ ajé, lọ́dún 2009, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn èèyàn ṣe ń pín odò, igbó àti omi oko lò. Ibi tó ti pẹ́ tí kò bàjẹ́, àwọn tó ń lo nǹkan náà ló ṣòfin ẹ̀, ìjìyà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Torí náà kí ẹ má fi sí ọwọ́ àwọn lándìlọ́ọ̀dù nìkan. Ẹni márùn-ún tó: lándìlọ́ọ̀dù kan tí ilé ẹ̀ kan pápá, tẹ́náǹtì kan, ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀, kápútẹ́ẹ̀nì àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù, àti obìnrin tó lọ́mọ kékeré. Èyí ìkẹyìn yẹn ṣe kókó, torí bí ẹ bá kọ ẹni tí ẹ rí sílẹ̀ bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé ẹ ò ní rí ọmọbìnrin tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Wọn ò lé wọn, wọn kàn ò fi àyè sílẹ̀ fún wọn ni. Mi ò ní oògùn ìyẹn délẹ̀délẹ̀, ìjókòó lábẹ́ igi tó jìnnà sí póòlù ṣe díẹ̀ níbi tí mo ti gbìyànjú ẹ̀, àwọn ìyá wá, àwọn ọmọbìnrin tẹ̀ lé wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Pàǹtí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ìgbìmọ̀ ò lè fi ẹnu lásán lé e lọ tí ẹ ò bá ní ibi tí ọkọ̀ pàǹtí ti ń kó o, ìyẹn lẹ gbọ́dọ̀ ṣètò kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni wí. Iná sólà kan sí igun tí wọ́n ń dà á sí, kí ẹ sì gbá igun yẹn kó mọ́ ná, torí ọ̀rá kan ló ń pe ìkejì. Kí ẹ tó wá sọ pé ará ìta ló ń dà á, ẹ lọ ra wàrà lọ́wọ́ ìyá abẹ́ igi yẹn, ẹ jókòó tì í díẹ̀, kí ẹ bi í jẹ́jẹ́. Ó mọ ilé tó ti ń jáde.